Bí a ṣe ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró díẹ̀ ká tó padà sí i

Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé ni mo ń ṣe. Bí ẹnì kan bá kọ ìwé tán, èmi ni màá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, màá sì wo ibi tí gbólóhùn ti wọ́. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti iṣẹ́ kan fún bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ láìdìde, torí mo fẹ́ parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ẹni tó ni ìwé gbà á padà, ìlà kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí mi, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un: “Ìyàwó náà dìde, ó kí ọkọ́ rẹ̀ káàbọ̀.” Ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Mo tú ìwé náà wò, mo sì rí i pé láti ojú ewé kan lọ títí dé ìparí, gbogbo ọkọ obìnrin náà ló ti di ọkọ́. Ojú mi là sílẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é o. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, mi ò tòògbé. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń dáwọ́ dúró. Kíkọ́ ni mo pè é, torí ara kì í dédé mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sì rí ni pé àárín ìsinmi kì í sábà níṣòro. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ tàbí bí a ṣe ń mu omi. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì ló ń dà á rú: bí a ṣe ń jáde kúrò nínú iṣẹ́, àti bí a ṣe ń wọlé padà. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Kí là ń pè ní ìsinmi ráńpẹ́?

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kí a dá iṣẹ́ kan dúró, kí a mọ̀ pé a máa padà sí i, kí a sì mọ ìgbà tí a máa padà. Bí ẹ bá yọ ìkejì kúrò, ẹ ti pa iṣẹ́ tì nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ìkẹta, ìmẹ́lẹ́ ti wọlé, bí ẹ tilẹ̀ ń pè é ní ìsinmi. Oorun alẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì náà kò sí níbẹ̀. Èyí tí mò ń sọ lè kéré tó ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó sì lè gùn tó ìdajì wákàtí tàbí kó fi díẹ̀ lé.

Àwọn tó sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ àwọn náà ló sọ pé àgbò tó fi ẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ fojú sí àgbò yẹn dáadáa. Kò lọ jẹko. Ìṣísẹ̀ tó fi sẹ́yìn kò pọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ohun tó fẹ́ kàn, ó sì mọ ibi tó ń padà sí.

Kí ló ń ṣe fún ni?

Ara ló rọrùn láti ṣàlàyé. Iṣan tó bá fún pọ̀ sójú kan láìtú kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó, tí kò gbé ẹrù kankan, fi ń sọ ní ìrọ̀lẹ́ pé èjìká ń ro òun. Ó gbé nǹkan: ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì ló nà síwájú láti àárọ̀.

Ti àkíyèsí ló jinlẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1948, Norman Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn tó ń wo rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà lọ́nà jíjìn hàn, fún ọmọ ogun òfurufú ló mú un ronú sí i: kí ló dé tí ẹni tó jókòó ti rédà, tí ojú rẹ̀ là, fi ń fojú fo ohun tó yẹ kó rí? Ó gbé ọwọ́ aago kan síwájú àwọn tó ń dán wò. Ọwọ́ aago náà ń fò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á fò ní ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n tẹ bọ́tìnì nígbàkúùgbà tó bá fò ní ìlọ́po méjì, fún wákàtí méjì gbáko. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń rí ti wálẹ̀. Ẹ sì wò ó: iṣẹ́ náà kò wúwo, ẹnikẹ́ni kò làágùn. Pé ohun kan náà ni wọ́n ń wò láìgbójú kúrò, ìyẹn nìkan ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè ohun tó rẹ̀

“Ó rẹ̀ mí” la máa ń sọ, bí ẹni pé gbogbo ara ló ń rẹ̀ pọ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: kí ló rẹ̀ gan-an?

Bó bá jẹ́ ojú, á máa yún, á máa ta, lẹ́tà á fẹ́ máa di méjì. Ẹ gbójú sókè wo ibi tó jìn. Bó bá ṣe bàìbàì fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ́, ojú ló ń pe yín. Bó bá jẹ́ iṣan, ẹ máa rí i pé ẹ ń yí ìdí lórí àga, ẹ ń fọwọ́ tẹ ọrùn láìmọ̀. Bó bá jẹ́ àkíyèsí, ẹ máa ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa ṣí àpótí kan kí ẹ tó rántí pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ wá mú níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọkàn, ariwo kékeré ni yóò máa bí yín nínú, èsì tí ẹ fẹ́ fún ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ á ti máa mú ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo sọ èyí síwájú torí pé ìsinmi tó wo ojú sàn lè má wo ẹ̀yìn sàn. Ẹni tó dìde lẹ́nu kọ̀ǹpútà, tó lọ jókòó ka ìwé ìròyìn, ó ti sinmi iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú, ọrùn àti ìdí rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má dúró de àárẹ̀

Àwọn àmì tí mo kà sókè yìí, wọ́n máa ń pẹ́ dé. Ẹni tó bá ń dúró dè wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ inú ìwé mi. Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sáré nínú Olympics ọdún 1972, mọ èyí dáadáa: ó kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n máa fi ìrìn díẹ̀ sáàárín eré láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń yá, kí wọ́n má ṣe dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ̀.

Iye ìṣẹ́jú wo ló yẹ? Ó wà lọ́wọ́ iṣẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wá láti ọwọ́ Francesco Cirillo, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ítálì ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Ó mú aago kékeré kan tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú nílé ìdáná, tó rí bíi tòmátì, ó yí i, ó sì fi dá ara rẹ̀ dúró sídìí ìwé títí ó fi dún. Orúkọ tòmátì lédè wọn, pomodoro, ló mọ́ ọgbọ́n náà lára: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, ìsinmi tó gùn díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Mo ti lò ó, mo sì gba tẹnikẹ́ni tó bá yìn ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Fún iṣẹ́ tó ń súni, bíi fífi àmì sórí ọ̀rọ̀ tàbí títo nọ́ńbà, ìṣẹ́jú 25 dára púpọ̀. Fún kíkọ nǹkan tuntun, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sípò ni aago á dún, á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú 50 ni mo ń lò, mo ń fi 10 sinmi. Ẹ dán èyí tó bá yín mu wò.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí wọn ò fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹni. Òfin 561 ti ọdún 2006 ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé awakọ̀ akẹ́rù tàbí bọ́ọ̀sì ńlá tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Ó lè pín in sí méjì, 15 ṣáájú, 30 lẹ́yìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́ ní ìsinmi ìṣẹ́jú 20. Ẹ má kà á sí pé iye tó tó nìyẹn. Ibi tí kò gbọdọ̀ kéré sí ni òfin ń sọ.

Lórí pápá eré, àkókò náà yàtọ̀ bí iṣẹ́ ara ṣe yàtọ̀. Abẹ̀ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan láàárín ìpele kan àti èkejì. Agbábọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú 15 ní ìdajì eré. Ẹni tó ń gbé irin tó wúwo gan-an máa ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún kó tó tún gbé e, torí agbára tí iṣan fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún padà. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, irin yóò sọ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi àmì sílẹ̀ kí ẹ tó dìde

Bí ẹ bá máa mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ mú èyí.

Bí a bá dìde lójijì lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì parí, ara ló dìde, ọkàn kò dìde. Ẹ ń mu omi, ẹ ń ronú gbólóhùn tí ẹ fi sílẹ̀. Ní ọdún 2009, Sophie Leroy ṣàlàyé nínú ìwádìí rẹ̀ pé bí ènìyàn bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, apá kan àkíyèsí rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn, pàápàá bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì parí. Ìwádìí mìíràn tó ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé bí ẹni tí wọ́n pè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bá yára kọ ibi tó dé àti ohun tó kù sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń tú sílẹ̀ fún ohun tó kàn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bí aago bá dún, mi ò tíì dìde. Mo parí gbólóhùn tí mo wà nínú rẹ̀, mo sì kọ ohun bí ìlà mẹ́ta. Ti àná rèé, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an:

Ojú ewé 41, ìpínrọ̀ kẹta.
“Ìgbà” ni tàbí “igbá”? Wo ojú ewé 12.
Tí mo bá dé: ka ìjíròrò ìyá àti ọmọ sókè.

Ìlà kìíní sọ ibi tí mo wà. Ìkejì gbé ohun tó ń dà mí láàmú kúrò lórí mi, ó gbé e sórí ìwé. Ìkẹta ló níye lórí jù: ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi máa ṣe bí mo bá padà, ó sì gbọ́dọ̀ rọrùn. Ẹ má kọ “tẹ̀síwájú” síbẹ̀. “Tẹ̀síwájú” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ìta.

Ohun kan tó lè jọ òdì sétí: ẹ má máa sinmi ní ìparí orí tàbí ìparí ìpele. Ibẹ̀ ló wuni láti dúró, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò padà bá ògiri tó mọ́ lóló. Ẹ wọ inú èyí tó kàn díẹ̀, kí ẹ dúró níbi tí ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Aránṣọ tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ níbi tó rán dé kò ní wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké yòókù: bí iná bá wà lórí, ẹ pa á. Bí ẹ̀rọ bá ń yí, ẹ dá a dúró. Bí ẹnì kan bá gbára lé yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ ní aago báyìí. Kí ẹ sì gbé aago tí yóò pè yín padà síbi tí ẹ ní láti rìn dé kí ẹ tó lè pa á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe òdìkejì ohun tí ẹ ń ṣe

Ẹni tó jókòó, kó dìde. Ẹni tó dúró láti àárọ̀, kó jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún èrò, kó dákẹ́. Ẹni tó ti dá wà láti òwúrọ̀, kó wá ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ojú yẹ̀ wò. Bí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ wa, iṣan kékeré inú ojú máa ń fún pọ̀ kí ohun náà lè hàn kedere. Ibi tó jìn nìkan ni iṣan náà ti ń tú. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ojú máa ń fúnni ni pé ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kí a wo ohun tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn bíi mítà mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹ ò ní láti dìde fún èyí, fèrèsé tó. Èkejì ni pé bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á sì gbẹ. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: èdè wa fi ojú tí a ń ṣẹ́ ka àkókò, òun ló ṣe ń jẹ́ ìṣẹ́jú, àwa wá ń ka ìṣẹ́jú lórí kọ̀ǹpútà, a gbàgbé láti ṣẹ́jú. Bí ẹ bá wo ọ̀ọ́kán, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ojú nígbà mẹ́wàá, kí ìpéǹpéjú kanra.

Ní ti ẹsẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè bí a bá ń rìn. Bí a bá jókòó pẹ́, iṣẹ́ yẹn dúró, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rọra kó jọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú nínú bàtà lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, ibẹ̀ ló ti wá. Ìrìn ìṣẹ́jú méjì tó láti tún un bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn dára jù bó bá wà nítòsí.

Fóònù ńkọ́? Mi ò ní purọ́, èmi náà ń mú un. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú tó ń wo ohun tó sún mọ́ ṣì ń wo ohun tó sún mọ́. Ọrùn tó tẹ̀ tún tẹ̀ sí i. Àkíyèsí tí ẹ fẹ́ kó sinmi bọ́ sọ́wọ́ ìròyìn, awuyewuye àti fọ́tò àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé kò lópin. Ife omi máa ń tán, àtẹ̀gùn máa ń dé òkè, ìrìn dé ẹnu géètì máa ń parí. Ohun tí ẹ ń fi ìka fà sókè lójú fóònù kì í tán, nítorí náà kò ní sọ fún yín pé ó tó. Bí ẹ bá ń retí ìpè kan, ẹ wò ó ní ìdúró, kí ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ọdún 2012, Michaela Dewar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà. Wọ́n sọ ìtàn kúkúrú méjì fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n di ojú fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn èkejì, wọ́n fún wọn ní eré kan ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, èyí tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tẹ̀ lé ni wọ́n ṣì rántí jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ohun kan tí ẹ fẹ́ kó dúró lórí, ẹ pa ìwé dé, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má ṣe nǹkan kan. Kò rọrùn o. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ó ṣe mí bíi pé mò ń jí àkókò ẹlòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ oorun ló ń gbé yín

Ẹ rẹjú bí àyè bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 tó. Bí oorun bá ti wọ ara dáadáa kí aago tó jí yín, ẹ óò dìde bí ẹni tí wọ́n gbá lórí, ó sì lè pẹ́ kí ojú tó là. Nígbà tí NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, ń ṣe ìwádìí lórí àárẹ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú, wọ́n fún wọn ní àyè ìṣẹ́jú 40 láti rẹjú nínú ìrìn àjò gígùn lórí òkun, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, bí àwọn yòókù ti ń wa bàálù lọ. Ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n sùn, ara wọn sì jí ju ti àwọn tí kò rẹjú lọ. Ẹni tí kì í rí oorun sùn lálẹ́ kó ṣọ́ra fún ti ọ̀sán, pàápàá nírọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọlé padà

Ibí ni ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún ti ń di ogójì. Aago dún, ẹ sọ pé “mò ń bọ̀”, ẹ sì jókòó.

Bí aago bá dún, ẹ má bá ara yín jiyàn bóyá ó wù yín tàbí kò wù yín. Kò ní wù yín. Ẹ rìn dé ìdí iṣẹ́, ẹ gbé ìwé pélébé yẹn, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì ṣe ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó rọrùn nìyẹn: ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan kékeré máa ń fa ọkàn wọlé. Ní tèmi, kíka ìjíròrò sókè kì í tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi máa ń bá ara mi nínú iṣẹ́.

Bó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ti padà, tí ojú ṣì ń yọ̀ lórí ìlà, ohun méjì ló lè fà á. Bóyá ìsinmi yẹn kò bá ohun tó rẹ̀ mu: ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Tàbí agbára ti tán fún irú iṣẹ́ yẹn lónìí: ẹ gbé èyí tó fúyẹ́, tàbí kí ẹ ti ìwé.

Ibi tí kò ti rọrùn láti dìde

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àga tó lè fi sílẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tó ń gbowó lórí káńtà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn ò lè sọ pé aago ti dún. Fún irú wọn, ìṣẹ́jú-àáyá 20 láàárín ènìyàn kan àti èkejì ni ìsinmi: ẹ jẹ́ kí èjìká wálẹ̀, ẹ mí síta kó gùn ju èyí tí ẹ mí sínú lọ, ẹ yí ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ẹ tú eyín tí ẹ ti há mọ́ra. Kékeré ni lóòótọ́, kò sì rọ́pò ìsinmi gidi. Bí ẹni kejì bá wà, ẹ jùmọ̀ pín in, kí ẹnì kan di ipò mú kí èkejì jáde.

Awakọ̀ ni mo yọ sílẹ̀. Ẹni tí oorun ń kùn lórí ọkọ̀ kò ní ìsinmi kékeré kankan lẹ́nu ìwakọ̀. Fèrèsé tí a ṣí àti orin tó ń dún kì í lé oorun lọ. Kó yà sí ibi tí kò léwu, kó pa ọkọ̀, kó rẹjú.

Ìdúró tí kì í ṣe ti àárẹ̀

Ìwúlò kan wà tí a kì í sábà kà kún un: kí a dúró kí a lè rí ohun tí a fẹ́ ṣe. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ dúró: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara, àti kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó kan ara, wọ́n á sọ ọ́ síta kí gbogbo wọn gbọ́: ta nìyí, iṣẹ́ wo la fẹ́ ṣe fún un, ibo lára rẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ. Ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú ni wọ̀nyí o, kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà tó gbóná tán náà lè dúró bẹ́ẹ̀ kó tó fi í ránṣẹ́: ta ni mò ń kọ ọ́ sí, kí ni mo fẹ́ kó ṣe?

Ti ìjà náà nìyẹn. John Gottman, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí tọkọtaya ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé bí inú bá ti ru, kí a pín yà fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, torí ara tó ti gbóná kì í tètè rọlẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kàn dìde tó ti ilẹ̀kùn gbà-á, kò sinmi, ó sá ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kejì yóò ṣe kà á. Kó sọ pé: “Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa báyìí. Jẹ́ kí n jáde díẹ̀, màá padà ní aago mẹ́jọ.” Kó sì padà ní aago mẹ́jọ. Láàárín ìgbà náà, kó má ṣe máa to èsì tó máa fi borí. Ìjà ló ń bá lọ nìyẹn, ó kàn ń dá a jà ni.

Bí ìsinmi kò bá ràn án

Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ń sùn dáadáa, tí ẹ ń sinmi, tí àárẹ̀ kò kúrò, ẹ lọ rí dókítà. Bákan náà ni bí wọ́n bá ń sọ fún yín pé ẹ ń hanrun gidi, tí èémí yín ń dúró lójú oorun. Aago tòmátì kò wo ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má tún gbogbo ọjọ́ yín tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ lo aago àti ìwé pélébé fún un. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹ máa kọ àkókò tí ẹ bá rí àṣìṣe, aago nìkan, láìsí àlàyé. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kó jọ sí.

Tèmi kó jọ sí ẹ̀yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, àfi àwọn ọjọ́ tí mo bá dìde ní aago méjì àbọ̀. Mo ti kó ojú ewé tó le sí òwúrọ̀ báyìí, lẹ́tà àti ìwé owó ni mo fi sí ọ̀sán. Ní ti “ọkọ”, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìsinmi nìkan: mo ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́tọ̀ nínú gbogbo ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tó fi í ránṣẹ́.